Ìwọ̀n àti Ìfojúdíwọ̀n: Lórí Kálórì tí Aago Ìdárayá Ń Kà

Ní ọjà Ọ̀rẹ̀, kóńgò ni a fi ń wọn gàrí. Ẹni tí ó bá fojú wò ó kò lè ní òun ti wọ̀n ọ́n. Nítorí náà, kò yẹ kí a pe iye kálórì tí aago ìdárayá ń fi hàn ní 'ìwọ̀n'. 'Ìfojúdíwọ̀n' ni.

Bí ọkàn ti ń lù àti bí ọwọ́ ti ń mì ni aago náà fi ń ṣírò. Bí àgbẹ̀ Omífunfun bá ru àpò kòkó, aago kò mọ bí ẹrù náà ti wúwo tó. Ní 2017, Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà dán irú méje wò: èyí tí ó sàn jù fi nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì í, èyí tí ó burú jù fi 93.

Ìwọ̀n ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí Igbó-Ọrà tí a tẹ̀ jáde ní 2009, omi tí a sàmì sí èròjà rẹ̀ ni àwọn obìnrin mu, kí a tó yẹ ìtọ̀ wọn wò.

Ẹni tí ó fẹ́ fọn, tí ó gba ìfojúdíwọ̀n bí ìwọ̀n, tí ó sì jẹun dí i, lè máa sanra sí i. Kí ọ̀rọ̀ tí a bá yàn má ṣe tàn án.