Yóga Láàárọ̀, Àdìrẹ Lọ́sàn-án
Nígbà tí a gbọ́ pé yóga wà ní ibùdó ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ọmọ, owó wa la fẹ́ gbà padà. Ṣebí inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ló ti wá? A lọ wò ó. Mímí àti nínà ara bí ológbò la bá níbẹ̀. Ọ̀sán ló dùn jù: àdìrẹ ẹlẹ́kọ! Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Àbígbẹ̀yìn wa, tí ojú máa ń tì láti sọ Yorùbá, ní kí a pe Màmá l'Abẹ́òkúta. Màmá ní, ṣé ẹ̀kọ náà ki dáadáa? Ó dáhùn, ó ṣì í sọ, ó tún un sọ. Àyè ṣì kù fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.