Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Oògùn Àrùn Ọpọlọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ káàárọ̀-oò-jíire kankan. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé bí àìsàn bá wọ inú orí gan-an, tí ó di àrùn ọpọlọ tàbí bárakú oògùn olóró, àwọn tí ó mọ òwe náà sórí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè irin àti pàṣán. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Rigasa fi èyí hàn gbangba.

Rigasa jẹ́ àdúgbò kan tí èrò pọ̀ sí ní Kàdúná. Ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ ojúurin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí ní ọdún 2016 wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé kan níbẹ̀, wọ́n sì bá ọkùnrin tí ó lé ní 300 nínú rẹ̀, àgbà àti ọmọdé. Ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan. Àpá ẹgba wà lára àwọn mìíràn. Ilé-kéwú àti ilé ìtúnwàṣe ni àwọn tí ó ni ibẹ̀ pè é. Àwọn òbí kan ni ó fi ọwọ́ ara wọn mú ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó lè jáwọ́ nínú oògùn olóró tàbí kí ó lè máa gbọ́ràn. Àwọn ọmọ méjì tilẹ̀ sọ pé láti Burkina Faso ni àwọn òbí àwọn ti mú àwọn wá. Ìjọba kó wọn lọ sí pápá ìṣeré kan nínú ìlú náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹbí wọn kiri.

Nígbà tí ìròyìn náà dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹnu yá ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ pé ìwà àwọn ará Òkè Ọya ni. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi padà sí wọn lẹ́nu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, ní ìlú Ìbàdàn. Nínú oṣù náà pẹ̀lú ni ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìwádìí jáde lórí ibi ìtọ́jú 28 tí wọ́n bẹ̀ wò káàkiri Nàìjíríà. Ilé-kéwú wà nínú wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú wọn, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ wà nínú wọn, ilé ìwòsàn ìjọba pàápàá kò gbẹ́yìn. Ọ̀ràn tí ó bá ojú ti bá imú. Kò sí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn tí ó lè na ìka sí òmíràn nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn tí ó ń gbèjà ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ máa ń sọ pé asínwín lè ṣe ara rẹ̀ léṣe, ó sì lè ṣe ọmọlàkejì léṣe. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò tó. Irin lè dá ẹsẹ̀ dúró. Kò lè wọ inú ọpọlọ lọ tún ohunkóhun ṣe níbẹ̀. Bí ibà bá mú ènìyàn títí tí ó fi ń ṣe rànrán, ta ni yóò mú ẹgba nà án kí ibà náà lè lọ? Bárakú náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ìwádìí tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé bá Nàìjíríà ṣe, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2017, fi hàn pé mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn ni ó lo oògùn olóró nínú ọdún kan. Bí ẹni tí ọtí ti di bárakú fún bá jáwọ́ lójijì láìsí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ nítòsí, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Ẹni tí ó wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní òru, ta ni yóò mọ̀ nígbà tí gìrì bá dé?

Síbẹ̀, bí gbogbo ẹ̀bi bá di ti àwọn tí ó ni ilé náà ní Rigasa, a ti fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Kí ni ó gbé ilé bẹ́ẹ̀ ró? Àìsí ìtọ́jú mìíràn ni. Ní ọdún 2019 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, àwọn dókítà àrùn ọpọlọ tí ó wà ní Nàìjíríà kò tó 300, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn orílẹ̀-èdè náà ti tó bíi mílíọ̀nù 200. Lóòótọ́, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Kàdúná, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn kan kò lè jẹ́ ìyá fún gbogbo ọmọ tí ó ń sunkún. Ní yàrá ìtọ́jú tí nọ́ọ̀sì kò ti pọ̀ tó, ẹni kan náà ni yóò fún aláìsàn ní oògùn, tí yóò pàrọwà fún ẹni tí inú ń bí, tí yóò ṣọ́ ẹni tí ó fẹ́ pa ara rẹ̀, tí yóò sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ọwọ́ kò bá tó, okùn ni wọ́n ń nawọ́ sí. Kí a má fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò sí níbẹ̀ ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ń ṣe.

Níbo ni àwọn òṣìṣẹ́ náà wá lọ? Mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, sọ ní ọdún 2025 pé dókítà bíi 16,000 ni ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje. Àwọn kan a máa pè wọ́n ní aláìmoore. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, ní Àbújá níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìṣúná ni àwọn yóò máa ná lórí ìlera. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tí ó gba àlejò wọn kò tíì mú ìlérí náà ṣẹ rí. Ẹni tí kò mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ kò lẹ́nu láti pe òṣìṣẹ́ ní ọ̀dàlẹ̀. Ó rọrùn fún ìjọba láti fọ́ ilẹ̀kùn ilé kan ní ọjọ́ kan. Ohun tí ó ṣòro ni láti ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ́jú kí ó sì wà ní ṣíṣí lójoojúmọ́.

Kì í ṣe pé ọ̀nà kò sí. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò ti fi ọ̀nà kan han gbogbo ayé ní Àrò, ní Abẹ́òkúta. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ẹbí aláìsàn a bá a wá, a máa se oúnjẹ fún un. Aláìsàn a gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sán, a sì padà sí àárín ènìyàn ní alẹ́. Lámbò pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, ṣùgbọ́n abẹ́ àbójútó dókítà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Láti ẹnu iṣẹ́ yìí ni òkìkí rẹ̀ ti kàn débi tí ó fi di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ aráyé ni pé ẹbí àti aládùúgbò jẹ́ ara ìwòsàn. Ilé Rigasa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹbí ó sì ti ilẹ̀kùn. Àrò ní kí ẹbí wọlé.

Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe nípa àwọn asínwín ní ọdún 1916 ni ìpìlẹ̀ èyí tí Nàìjíríà ń lò títí di oṣù Kìíní ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í fún ènìyàn lábẹ́rẹ́, kì í sì í jí ní òru wo aláìsàn. Kí ìjọba fi nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ iṣẹ́ àrùn ọpọlọ sí ilé ìwòsàn kéékèèké tí ó wà láàárín àwọn aráàlú, ní Rigasa àti ní Ọ̀jọ́ọ̀. Kí oògùn wà níbẹ̀ ní iye tí apá mẹ̀kúnnù ká. Kí owó oṣù òṣìṣẹ́ sì tó gbọ́ bùkátà rẹ̀.

Ipa ti ilé-ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí ọmọ tí ó ń fi oògùn ikọ́ ṣe omi mu, tàbí èyí tí ó dédé dákẹ́ tí ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí olùkọ́ bá fi í ṣe ẹ̀sín, òun ni ó tì í sí ojú ọ̀nà ilé tí ẹ̀wọ̀n wà. Bí ó bá pe àwọn òbí ní kọ̀rọ̀, tí ó sì júwe ilé ìwòsàn fún wọn, ó ti gba ẹ̀mí là. Wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Kí olúkúlùkù máa rántí pé ọmọ tí a bí ni ó wà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní Rigasa, kí a sì mọ̀ pé ọmọ ilé ẹnikẹ́ni lè wà níbẹ̀ lọ́la.