Agogo Méjì ní Ilẹ̀ Lébánónì

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Lébánónì ni a mú wá lónìí, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nínú ààwẹ̀ Ràmádàánì ọdún 2023 jẹ́ ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní làákàyè rò dáadáa.

Àṣà ilẹ̀ náà ni pé ní ìparí oṣù kẹta ọdọọdún, wọn a sún agogo síwájú ní wákàtí kan. Ní ọdún tí a wí yìí, ààwẹ̀ ti wọlé ní ọjọ́ díẹ̀ kí ọjọ́ agogo tó pé. Najib Mikati, Olórí àwọn Mínísítà, tí í ṣe Mùsùlùmí, wá pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sún agogo títí ààwẹ̀ yóò fi lọ sópin. Nabih Berri, Olórí Ilé Aṣòfin, tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, ló bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, kí àwọn aláàwẹ̀ lè máa ṣínu ní nǹkan bí agogo mẹ́fà dípò agogo méje. Ṣùgbọ́n Ìjọ Maronite, tó tóbi jù lọ nínú àwọn ìjọ Kìrìsítẹ́nì ibẹ̀, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sún agogo tiwọn. Ilé ìwé kan sún un, èkejì kò sún un. Fún ọjọ́ díẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàdé ní láti kọ́kọ́ bi í pé, agogo ta ni? Nígbà tí ariwo pọ̀, ìjọba yí àṣẹ náà padà.

Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni aláàwẹ̀ ìbá rí jẹ nínú ọ̀ràn yìí? Oòrùn kì í bi mínísítà léèrè kí ó tó wọ̀. Láti ìgbà tí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá là títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni Ọlọ́run fi ààwẹ̀ sí. Bí a sún agogo, bí a kò sún un, ebi rẹ̀ kò dín, òùngbẹ rẹ̀ kò dín. Ìjà lásán ni àwọn àgbà ìlú ń jà lórí ohun tí kò lè yọ ẹnikẹ́ni nínú ìyà.

Ìyà sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Láti ọdún 1997 ni wọ́n ti ń gba 1,507 lírà ó lé díẹ̀ fún dọ́là kan. Nínú oṣù kẹta ọdún 2023 yẹn kan náà, dọ́là kan kọjá 100,000 lírà ní ọjà. Àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì jáde sí ìgboro Beirut pé owó ìfẹ̀yìntì àwọn kò ra nǹkan mọ́, tajútajú ni wọ́n sì yìn lù wọ́n. Iná ìjọba kì í tàn ju wákàtí mélòó kan lọ lóòjọ́. Ilẹ̀ náà kò sì ní Ààrẹ rárá. Àwọn Yorùbá ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Lébánónì, àgbà wà lọ́jà, àní wọ́n pọ̀, orí ọmọ ṣì wọ́.

Kí a lè mọ bí ọ̀ràn ṣe dé ibi tó dé, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe kọ́ ilé náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé ní ọdún 1943 ni àwọn olórí wọn ti fi ẹnu kò pé Kìrìsítẹ́nì Maronite ni yóò máa jẹ Ààrẹ, Mùsùlùmí Súnì ni yóò máa jẹ Olórí àwọn Mínísítà, Mùsùlùmí Ṣíà ni yóò sì máa jẹ Olórí Ilé Aṣòfin. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1975, ó sì jà títí di ọdún 1990. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Taif, ní ilẹ̀ Saudi, ní ọdún 1989 ni a fi pa iná ogun náà. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti pín Ilé Aṣòfin dọ́gba láàárín Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì. Ìjókòó 128 ló wá wà níbẹ̀, 64 fún tọ̀tún, 64 fún tòsì.

A kò sọ pé ìpín yìí burú láti ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá rí ogun ọdún márùndínlógún kò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó mú ogun dúró. Nígbà tí ìjọ kọ̀ọ̀kan bá mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà kan wà fún òun láti wọ ilé, kò ní fẹ́ dáná sun ilé náà. Ibi tí ọ̀bẹ ti ń gé ọwọ́ wà ní ibòmíràn.

Òfin wọn ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta, èyíinì ni ènìyàn 86, gbọ́dọ̀ jókòó nínú ilé kí a tó lè dìbò yan Ààrẹ. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní ìbò 86 ní ẹ̀ẹ̀kíní, ìbò 65 ti tó ní ẹ̀ẹ̀kejì, bí àwọn 86 bá ṣì wà ní ìjókòó. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá rí i pé ẹni tí àwọn kò fẹ́ lè borí, kò ní láti dìbò lòdì sí i. Kí wọ́n ṣáà dìde, kí wọ́n bọ́ síta, ìpàdé ti tú nìyẹn. Báyìí ni ilẹ̀ náà ṣe wà láìní Ààrẹ láti oṣù karùn-ún ọdún 2014 títí di ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2016, nígbà tí Michel Aoun wọlé. Ẹgbẹ́ Aoun fúnra rẹ̀, tí í ṣe Kìrìsítẹ́nì, pẹ̀lú Hezbollah, tí í ṣe Mùsùlùmí, ni wọ́n jọ ń sá fún ìpàdé nígbà náà. Nígbà tí Aoun kúrò ní ipò ní ọdún 2022, ó tún di bẹ́ẹ̀. Ìgbà méjìlá ni wọ́n pàdé títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023. Lọ́jọ́ náà Jihad Azour ní ìbò 59, Sleiman Frangieh ní 51, àwọn tó fẹ́ Frangieh sì jáde. Ó ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ kí a tó tún gbọ́ pé wọ́n pàdé láti yan Ààrẹ. Ẹ ṣe àkíyèsí pé kò sí ẹ̀sìn kan tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ó rán wa létí ogun Uhud. Nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà ń bọ̀, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, pe àwọn Sàábé jọ fún ìmọ̀ràn. Èrò tirẹ̀ ni pé kí wọ́n dúró nínú ìlú Mẹ̀dínà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní kí àwọn jáde lọ pàdé ọ̀tá. Ànábì gba tiwọn, ó gbé ẹ̀wù ogun wọ̀, ó sì ṣíwájú wọn. Abdullah ọmọ Ubayy pẹ̀lú ti sọ pé kí wọ́n dúró sílé. Nígbà tí a kò ṣe tirẹ̀, ó yí padà lójú ọ̀nà pẹ̀lú nǹkan bí 300 ènìyàn nínú 1,000. Èrò kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ìwà wọn ni kò jọra. Ọ̀kan fi tirẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìgbìmọ̀, ekejì fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ nítorí tirẹ̀. Súrà kan tilẹ̀ wà nínú Al-Kùránì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá ń jáde kúrò nínú ilé ìgbìmọ̀ nígbàkúùgbà tí a kò bá fẹ́ tirẹ̀, kí ó má ṣe pe ara rẹ̀ ní ajàfẹ́sìn.

Ta ló wá san gbèsè ìjáde àti ìwọlé wọ̀nyí? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ń ná ju ohun tó ń wọlé lọ. Àwọn báńkì ń fi èlé gọbọi fa owó àwọn ènìyàn mọ́ra, wọ́n ń kó o fún Báńkì Àpapọ̀ àti ìjọba, owó tuntun ni wọ́n sì fi ń san èlé ti àtijọ́. Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa èlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìlú dìde, àwọn báńkì sì bẹ̀rẹ̀ sí ti ilẹ̀kùn mọ́ owó olówó. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba kò lè san gbèsè 1.2 bílíọ̀nù dọ́là tí ọjọ́ rẹ̀ pé. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, nǹkan bí 2,750 tọ́ọ̀nù èròjà ajílẹ̀ tí wọ́n ti fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní èbúté Beirut bú gbàmù, ó pa ènìyàn tó ju 200 lọ. Ìjọba kọ̀wé sílẹ̀. Oṣù mẹ́tàlá kọjá kí wọ́n tó rí òmíràn gbé kalẹ̀, nítorí wọn kò fi ẹnu kò lórí ẹni tí yóò jẹ mínísítà èyí àti tọ̀hún. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Owó Àgbáyé bá wọn ṣe àdéhùn nǹkan bí bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, bí wọ́n bá lè ṣe àwọn òfin kan. Òfin náà kò pé, owó náà kò sì dé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, obìnrin kan mú ìbọn ìṣeré wọ báńkì láti fi gba owó ara rẹ̀, kí ó lè tọ́jú arábìnrin rẹ̀ tí àrùn jẹjẹrẹ ń dà láàmú.

Bí ẹnìkan bá ní kí ló kàn wá nínú ọ̀ràn yìí, a ó dá a lóhùn pé ó kàn wá. Àwọn tí àwọn bàbá wa ń pè ní Kóráà, tí wọ́n ta aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn láyé ijọ́un, ará ibẹ̀ ni wọ́n. Nínú owó tó há sí àwọn báńkì wọ̀nyí, òógùn àwọn ọmọ Lébánónì tó wà lókèèrè pọ̀ níbẹ̀, títí kan àwọn tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín.

Yàtọ̀ sí èyí, àwa náà fẹ́ràn láti máa ka orí. Ní ọdún 2022 àti 2023, nígbà tí Bola Tinubu mú Kashim Shettima ṣe igbákejì, ariwo Mùsùlùmí méjì ni a gbọ́ káàkiri. Àwọn kan ń yọ̀, àwọn kan ń bínú. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, oníbúrẹ́dì kò bi ẹnikẹ́ni léèrè bóyá mọ́sálásí ló ń lọ tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó fi owó lé e. Ìyá kan náà ló bí Ràfíù àti Joseph nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, inú ìkòkò kan náà ni ọ̀wọ́n gógó sì bá wọn. A kò ní kí Mùsùlùmí má béèrè ìpín rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí a ń wí ni pé lẹ́yìn tí a bá ti rí ìpín gbà, ìbéèrè kù: àmánà tí a fi sí ọwọ́ ẹni wa, ṣé ó ń pa á mọ́?

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn ogun líle pẹ̀lú Ísírẹ́lì, tí àwọn orílẹ̀-èdè òde sì ń tì wọ́n lẹ́yìn, àwọn aṣòfin Lébánónì pàdé. Joseph Aoun, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun, ní ìbò 71 ní òwúrọ̀. Wọ́n sinmi fún wákàtí mélòó kan, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n padà wọlé, ó sì ní 99. Nawaf Salam kó ìjọba tuntun jọ ní ọjọ́ 8 oṣù kejì. Ohun tó di òkè ńlá fún ọdún méjì ó lé, ọ̀sán ọjọ́ kan ló gbà wọ́n. Ó hàn gbangba pé kò fi ìgbà kan ṣòro. Wọn kò fẹ́ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n Ààrẹ tí a yàn ní ọ̀sán kan kò lè dá ohun tó bàjẹ́ padà ní ọ̀sán kan. Nígbà tí ọdún 2025 ń parí, àwọn tó fi owó pamọ́ kò tíì rí owó wọn gbà tán.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí àwọn àgbà ilẹ̀ wa jókòó nínú ìgbìmọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, kí Ó má sì jẹ́ kí agogo wa di méjì. Àmín.