Ẹ Má Fi Ìbò Ààrẹ Tú Ẹgbẹ́ Wa Ká

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí kò dùn mọ́ mi nínú láti sọ. Ṣùgbọ́n aṣojú òṣìṣẹ́ tí ó bá ń bẹ̀rù àtisọ̀rọ̀, kí ó gbé ipò sílẹ̀ kí ó lọ máa ta ata ní ọjà Ojúwòyè.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá ọ̀kan nínú wa kú. Arákùnrin náà ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí ẹ̀rọ, ṣíìfù alẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó sìnkú tàbí tí ó sọmọ lórúkọ ní ẹ̀ka wa tí kò dáwó fún. Mo gbé ìwé ìdáwó káàkiri gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta kan ní káńtíìnì, wọ́n ní àwọn kò ní dá kọ́bọ̀. Mo ní kí ló dé? Ọ̀kan nínú wọn gbé ẹ̀bà mì, ó ní, "Ẹ ní kí Obi rẹ̀ wá bá a sìnkú ìyá rẹ̀." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ígbò ni arákùnrin náà, ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

Kí ẹ má baà rò pé apá kan ni mo ń bá wí, ẹ gbọ́ èkejì. Ní ibi ìkẹ́rù, bàbá kan wà tí ó dé fìlà Tinúbú jálẹ̀ ìpolongo ọdún 2022 títí wọ 2023, kò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí epo ti gbówó lórí, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dìbò fún un, ẹ jẹ ẹ́ yó." Bí ẹrù tí ó wúwo bá dé, wọ́n á fà sẹ́yìn, wọ́n á ní kí ẹni tí ó dìbò fún ìyà wá gbé ìyà. Ẹ̀yìn ń dun bàbá náà. Ó ku ọdún mẹ́rin péré kí ó fẹ̀yìn tì.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mọ gbogbo èyí o. Nígbà tí a jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó ófátáìmù, tí mo ní gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó rán mi wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun gbọ́ pé àwọn ènìyàn mi kì í kí ara wọn mọ́. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju èébú lọ, nítorí n kò rí èsì fún un. Owó ófátáìmù náà sì ni èyí tí a ń retí títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìrètí ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìrètí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2022, Peter Obi kúrò ní PDP, ó bọ́ sínú Labour Party, kí ọ̀sẹ̀ kan sì tó pé ó ti di olùdíje wọn ní Asaba. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí kò bìkítà fún ìbò rí bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún káàdì ìdìbò. Mo rí ọmọ kan tí kì í wá ìpàdé ẹgbẹ́, tí ó ń fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra fìlà tí a ya bàbá, màmá àti ọmọ sí. Ní ìdàkejì, àwọn àgbà wa gbọ́ tí Bọ́lá Tinúbú ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹfà ọdún náà sọ pé òun ló kàn, inú wọn sì dùn, wọ́n ní ọmọ wa ni, ó ti ṣe gómìnà Èkó rí, ó mọ ojú ọ̀nà wa. Àwọn kan wà tí Atiku Abubakar wù nítorí pé PDP ni bàbá wọn ń ṣe. Kò sí èyí tí mo bá jà nínú wọn. Ẹni tí èmi fúnra mi dìbò fún, èmi àti Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n, ìyàwó mi gan-an kò gbọ́.

Ní 25 oṣù Kejì ọdún 2023, Labour Party ní ìbò 582,454 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, APC ní 572,606. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó 10,000. Lápapọ̀ Nàìjíríà, wọ́n kéde pé Tinúbú ní 8,794,726, Atiku 6,984,520, Obi 6,101,533. Nígbà tí ti gómìnà dé ní 18 oṣù Kẹta, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, ìbò Labour Party ní Èkó ti já sí 312,329, ti Babájídé Sanwó-Olú sì jẹ́ 762,134. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò fara sin. Ariwo ẹ̀yà ni. Àwọn kan lé ènìyàn kúrò ní ibi ìdìbò nítorí pé ojú wọn jọ ti Ígbò, títí kan ọmọ Yorùbá tí ojú rẹ̀ kò ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́. Ibẹ̀ ni májèlé náà ti wọlé sí wa lára, òun ni mo sì ń rí ní káńtíìnì títí di òní.

Ẹ tún wo èyí. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní Èkó lé ní mílíọ̀nù méje. Ìbò tí ó wọlé fún ààrẹ kò tó mílíọ̀nù kan àbọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń bú ara wọn ní káńtíìnì wa kò kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ní kí Obi wá sìnkú, ibo ni ó ti dìbò? Ó ní bọ́ọ̀lù ni òun ń gbá lójú títì.

Nísinsìnyí, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn nìyí, kí ẹ sì dáhùn rẹ̀ fún ara yín, ẹ má wá dá a lóhùn fún mi: kí ni àwọn mẹ́ta náà sọ nípa epo? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Tinúbú, Atiku àti Obi, ni wọ́n sọ nígbà ìpolongo pé àwọn yóò yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Wọn kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Àwa tí a ń wọ dánfó láti Ọjúẹlẹ́gbà, àwa tí a ń wà á, àwa tí jẹnẹrétọ̀ ń bá jẹun, a gbọ́ ọ, a kò sì dá ẹnì kankan dúró kí a bi í pé, bí o bá yọ ọ́, èló ni owó oṣù wa yóò jẹ́ lọ́jọ́ kejì? A ń jiyàn lórí ẹni tí yóò di ọ̀bẹ mú. Ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ ìbúra gan-an, ọ̀rọ̀ náà jáde, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí iye epo ti ju ìlọ́po méjì lọ. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ lábẹ́ òfin wà ní ₦30,000 títí di oṣù Keje ọdún 2024 kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦70,000, lẹ́yìn tí a ti da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Oṣù mẹ́rìnlá ni ó wà láàárín méjèèjì. Ebi oṣù mẹ́rìnlá yẹn kò béèrè káàdì ẹgbẹ́ òṣèlú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó wọlé.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Labour Party kọ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni, tiwa ni." Orúkọ ni tiwa. Lóòótọ́, NLC ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2002, wọ́n sì sọ ọ́ ní Labour Party ní 2004. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe lò ó. Ó dà bí ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ fi owó rà, tí a wá fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní gáréèjì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ná an. Olúṣẹ́gun Mimiko gun orí rẹ̀ di gómìnà Oǹdó, ilé ẹjọ́ dá a láre ní 2009, ó tún wọlé ní 2012, nígbà tí ó di 2014 ó sọ̀kalẹ̀, ó padà sí PDP. Ta ni nínú wa tí ó bi í léèrè owó ọkọ̀? Nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún 2024, NLC fúnra rẹ̀ ni ó lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́ náà, tí ó ní kí alága rẹ̀, Julius Abure, fi àga sílẹ̀. Ìjà náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2025. Ẹni tí ó ni ilé kì í dúró sí ìta kí ó máa pariwo kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ bi àwọn àgbà tí wọ́n ṣẹ́kù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1964, òṣìṣẹ́ gbogbo Nàìjíríà, Yorùbá, Ígbò, Haúsá, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́tàlá lórí ìwé ìgbìmọ̀ Morgan. Rélùwéè dúró, ibùdókọ̀ ojú omi dúró, ìjọba tẹríba. Oṣù méje kò tíì pé lẹ́yìn rẹ̀ tí ìbò dé ní ìparí oṣù Kejìlá. Michael Imoudu ní Labour Party tirẹ̀, Dókítà Tunji Otegbeye ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ òun àgbẹ̀ tirẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n jọ dúró ní oṣù Kẹfà sì tú ká, oníkálukú tọ ẹgbẹ́ òṣèlú agbègbè rẹ̀ lọ. Ìṣọ̀kan tí ó ṣẹ́gun ìjọba kò lè wọ inú àpótí ìbò.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Amẹ́ríkà díẹ̀, nítorí àwọn kan rò pé òyìnbó kì í ṣe irú èyí. Ní 1980, nígbà tí Jimmy Carter àti Ronald Reagan ń du ipò ààrẹ, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń darí bàálù láti ilẹ̀, PATCO, yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yòókù, wọ́n ní Reagan ni àwọn ń ṣe. Ó ti kọ lẹ́tà sí wọn, ó dárò ẹ̀rọ ògbólógbòó àti iṣẹ́ àṣekúdórógbó tí wọ́n ń ṣe. Reagan wọlé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1981 wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀, ó fún wọn ní wákàtí 48, lẹ́yìn náà ó lé àwọn tí ó ju 11,000 lọ. Lẹ́tà wà lọ́wọ́ wọn o! Ṣùgbọ́n kò sí iye owó nínú lẹ́tà náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ yòókù kò da iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Nítorí náà ẹni tí ó bá sọ pé kí a ṣáà gba ìlérí kọ sílẹ̀, kò tíì sọ tán. Ìwé láìsí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, tákàdá lásán ni.

Àwọn awakọ̀ akẹ́rù wọn náà, ẹgbẹ́ Teamsters, ó lé ní mílíọ̀nù kan ọmọ ẹgbẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí Kamala Harris àti Donald Trump ń dìje, wọ́n bi àwọn ọmọ ẹgbẹ́ léèrè, púpọ̀ nínú àwọn tí ó dáhùn ní Trump, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka sì ní Harris. Àwọn olórí kò fọwọ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn bú wọn lọ́tùn-ún lósì. Èmi kò lè sọ pé ohun tí wọ́n ṣe dára tán, nítorí ẹgbẹ́ tí kò fọwọ́ sí ẹnikẹ́ni kò rí ohun kan gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ní ẹ̀ka tiwa ní 2022, a kò jókòó lọ́jọ́ kan kí a bi ara wa léèrè. Èmi náà wà níbẹ̀, mo pín nínú ẹ̀bi náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ má dá sí òṣèlú rárá. Irọ́ ni. Owó epo, òṣèlú ni. Ojú ọ̀nà Mátọ́rì tí ó ń ba àpá ọkọ̀ jẹ́, òṣèlú ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń ṣe káṣúà láti ọdún méje láìní ìwé, òfin ni ó fàyè gbà á, òṣèlú ni ó sì ń ṣe òfin. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a fi ohùn wa tọrọ fún àwọn tí kò mọ orúkọ wa, kí a sì wá máa fi èyí tí ó kù bú ara wa.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ gbé àbá kan wá sí ìpàdé gbogbogbòò. Olùdíje yòówù tí ó bá fẹ́ wá bá ẹ̀ka wa sọ̀rọ̀, ìbáà ṣe ti ààrẹ tàbí ti káńsẹ́lọ̀, kí ó kọ́kọ́ fi iye kọ ọ́ sílẹ̀ lórí owó oṣù, owó ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ káṣúà, kí a kà á sí gbogbo ènìyàn létí, kí a sì dìbò lé e lórí kí ẹnikẹ́ni tó lo orúkọ ẹ̀ka wa. Kò sí fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú nínú gbọ̀ngàn ìpàdé. Ẹni tí ó bá sì dìde láti sọ pé ọmọ ìlú báyìí kò gbọdọ̀ ṣe akápò wa, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń gbọ́ lábẹ́lẹ̀, kí ó sọ ọ́ ní gbangba kí a lè dá a lóhùn ní gbangba. Ọdún mẹ́ta ni arákùnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ṣe igbákejì akápò. Àwọn tí wọ́n yẹ ìwé wò kò rí náírà kan tí ó sọnù.

Ìsìnkú ìyá náà yóò wáyé ní Sátidé tí ń bọ̀. Bàbá ibi ìkẹ́rù, ẹni tí ó dé fìlà Tinúbú, ni ó kọ́kọ́ dáwó, ₦5,000, ó sì ní òun yóò bá wọn rìn dé ìlú rẹ̀ bí wọ́n bá fún òun láyè nínú ọkọ̀. Ìwé ìdáwó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo wà nídìí ẹ̀rọ kejì títí di aago mẹ́rin lójoojúmọ́. Ẹ̀yin mẹ́ta ti káńtíìnì, mo fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ yín.