Òjò Ló Kó Ẹyẹlé Pọ̀ Mọ́ Adìẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ajá Tí A Gbà Là Sínú Ilé Kan

Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ẹyẹlé ní ibùgbé tirẹ̀ lókè, adìẹ ní àgò tirẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé, abẹ́ òrùlé kan náà ni àwọn méjèèjì máa sá sí, ẹni tó bá sì ń wò wọ́n láti òkèèrè lè rò pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Òwe náà ní kí onítọ̀hún kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó kó wọn jọ. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dún bí ẹ̀gàn, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ fún ẹnì kan pé àwọn tó ń bá jókòó kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń sọ fún wa pé ọ̀tọ̀ ni ààbò, ọ̀tọ̀ ni àjọgbé, àti pé ẹni tó ni òrùlé náà kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá ṣílẹ̀kùn fáwọn tí òjò ń pa.

Ilé àwọn aláàánú tó ń gba ajá là ni mo fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò. Kò ṣòro láti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ẹnì kan rí ajá tí ọkọ̀ gbá sétí títì, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ó sì mú un wálé. Kò pẹ́, aládùúgbò tó fẹ́ jápa fi Jámánì Ṣẹ́pádì rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń sin ajá fún títà lé abo tó ti bímọ títí tó fi gbó síta, aláàánú yìí náà ló gbà á. Lẹ́yìn náà, ó ra ajá ìbílẹ̀ kan lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pa á jẹ. Ajá mẹ́rin ti pé nínú ọgbà kan, ìyà tó jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì jọra. Èyí tó gbé ìgboro mọ̀ pé oúnjẹ tí òun kò bá tètè gbé mì, ẹlòmíràn á gbà á. Èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ láti kékeré kò mọ bí ajá ṣe ń kí ajá ẹgbẹ́ rẹ̀. John Paul Scott àti John L. Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ajá ní Bar Harbor ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé wọn jáde ní 1965. Wọ́n fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ ajá ló máa ń kọ́ ẹni tó lè fọkàn tán, ìbáà jẹ́ èèyàn tàbí ajá. Ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò náà, àgbà ajá lè kọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ̀lú sùúrù ni.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé aláàánú máa ń retí pé ìmoore yóò sọ àwọn ẹranko wọ̀nyí di ọmọ ìyá. Ó rò pé bí wọ́n ti jọ jìyà, wọ́n á jọ máa ṣàánú ara wọn. Nígbà tí ìjà bá wá bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí eyín wọ etí, ó máa ń dà bíi pé wọ́n fi ibi san oore fún un. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìwádìí sọ. Ní 2011, Nicholas Dodman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde jáde lórí ẹjọ́ 38 nípa àwọn ajá tó ń bá ara wọn jà nínú ilé kan náà. Ìdá 79 nínú 100 jẹ́ ìjà akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Ajá tó dé kẹ́yìn ló sábà ń bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ohun tó sì ń dá a sílẹ̀ kò ju oúnjẹ, ojúure ẹni tó ni wọ́n, ìdùnnú àṣejù, àti ohun tí ọ̀kan nínú wọn ṣàdédé rí nílẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ èèyàn ni púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí wà. Ẹni tó ń gbé abọ́ kalẹ̀, tó ń fọwọ́ pa ajá lórí, tó sì ń ṣí géètì ló ń pinnu bóyá ìjà yóò ráyè. Nítorí náà, bí àlàáfíà kò bá sí láàárín wọn, ìṣètò ilé ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò ká tó dá ìwà ajá lẹ́bi.

Àwọn kan á ní ẹgba loògùn rẹ̀. Wọ́n ní ajá gbọ́dọ̀ mọ ọ̀gá, pé nínú agbo ìkookò ẹnì kan ló ń jọba lórí àwọn yòókù, àti pé bí onílé bá ti fi agbára gba ipò náà, ìjà á tán. Ìtàn èrò yìí fúnra rẹ̀ ló bì í ṣubú. Ní 1947, Rudolf Schenkel kọ ìwé lórí àwọn ìkookò tó wò nínú ọgbà ẹranko ní Basel ní Switzerland. Ìkookò tí wọ́n há mọ́ inú ọgbà, tí wọn kò lè kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ló rí i tí wọ́n ń jà sí ipò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá agbo ti tàn kálẹ̀. Lẹ́yìn náà ni David Mech lo ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́tàlá ní erékùṣù Ellesmere ní àríwá Kánádà, tó ń wo ìkookò nínú igbó. Nínú àbájáde tó tẹ̀ ní 1999, ó ṣàlàyé pé agbo ìkookò tòótọ́ jẹ́ ìdílé: bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ wọn. Kò sí ẹni tó ń jà kó lè di ọ̀gá níbẹ̀, òbí ló ń ṣáájú ọmọ. Ìtumọ̀ òwe wa gan-an nìyẹn. Àwọn tí ìbí kó jọ ń gbé bí ẹbí, àwọn tí a fi ipá kó jọ sínú ọgbà ń jà. Bí a bá wá fi ẹgba kún ti àjèjì mẹ́rin tó wà nínú ọgbà kan, ẹ̀rù la fi kún ẹ̀rù. Ajá tí wọ́n ń nà nígbàkigbà tó bá kùn lè dákẹ́ kíkùn, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó mú un kùn ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, yóò bu èèyàn jẹ láìkìlọ̀.

Ẹlòmíràn á ní: ṣebí àwọn bàbá wa sin ajá púpọ̀ nínú agbo ilé, tí àwọn ọdẹ ń kó wọn wọ igbó, ta ló ń ṣètò ilé fún wọn? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ajá agbo ilé kò ní fẹ́ńsì. Bí ọ̀kan bá rí i pé ojú èkejì ti le, ó lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó lọ sùn sẹ́yìn ilé títí ara á fi rọ̀ wọ́n. Ojú kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti dàgbà, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ ìyá ní tòótọ́. Ọgbà ìlú ńlá lónìí ní ògiri gíga pẹ̀lú géètì onírin. Ó ń dáàbò bo ajá lọ́wọ́ ọkọ̀ àti olè, ṣùgbọ́n ó ti mú ọ̀nà àsálà kúrò. Ohun tí àyè gbalasa ń ṣe fún ajá láyé àtijọ́, èèyàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nísinsìnyí.

Báwo ni yóò ṣe ṣe é? Kí ajá tuntun wà lọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Ìlera ni ìdí àkọ́kọ́: kòkòrò parvo, tó máa ń pa ọmọ ajá, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó bá sì sáré kó ajá pọ̀ lè pàdánù èyí tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí kejì ni pé ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìyà nílò oorun àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ máa gbóòórùn ara wọn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí a máa gbé aṣọ tí ọ̀kan sùn lé fún èkejì. Ìta ló yẹ kí wọ́n ti pàdé, níbi tí kò sí ti ẹnì kankan nínú wọn, kí èèyàn méjì dì wọ́n lókùn mú, kí wọ́n jọ rìn, kí wọ́n tó jọ wọlé. Nínú ilé, kí olúkúlùkù ní abọ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó tì, kí a sì kó abọ́ kúrò nílẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Eegun kò gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ níbi tí ajá méjì wà. Bí àlejò bá fẹ́ wọlé, tàbí tí iná dé táwọn ọmọdé ń pariwo, ìgbà náà gan-an ló yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ìdùnnú ajá kì í jìnnà sí ìjà rẹ̀. Kí dókítà ẹranko sì tẹ akọ lọ́dàá, kó ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo, torí oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, ilé tó gba mẹ́rin là lè di ilé ajá mẹ́wàá lọ́dún kan náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí. Wọ́n á ní kí ni a gba ajá là fún bí a bá tún fẹ́ há a mọ́? Ìhámọ́ tí kò ní òpin, tí kò ní ìrìn àti àwùjọ èèyàn, ìyà ni lóòótọ́, n kò sì gbè é lẹ́yìn. Ohun tí mo ń sọ ni wákàtí tí ajá kan lè sinmi láìṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ajá méjì tí kò fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n ń pín àgbàlá lò ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí èèyàn sì ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣeré, ìgbé ayé tó dára ni wọ́n ń gbé. A kò ní láti fi dandan mú wọn fẹ́ràn ara wọn ká tó gbà pé a ṣàánú wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kan èèyàn pẹ̀lú, pàápàá àwọn ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dún, àti pé ìdá 40 nínú 100 àwọn tí ẹranko tí a fura sí pé ó ní àrùn náà bù jẹ ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ọmọ tó bá ki ọwọ́ bọ àárín ajá méjì tó ń jà kò mọ̀ pé wọn kì í wo ojú nígbà náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún jẹ́ dandan fún gbogbo ajá inú ilé, kò sì gbọ́dọ̀ sí ìgbà tí a fi ọmọdé sílẹ̀ pẹ̀lú wọn láìsí àgbàlagbà.

Àtakò tó lágbára jù ló kù: bí mo bá kọ ajá karùn-ún, ó lè kú sójú títì. Òótọ́ ni, ó sì ń dun èèyàn. Ṣùgbọ́n ajá karùn-ún tó wọ ilé tí kò ní ilẹ̀kùn karùn-ún ń gba ààbò lọ́wọ́ àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, òun náà kò sì ní rí ààbò gbà. Àánú lè gba ọ̀nà mìíràn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A lè wá ilé fún un lọ́dọ̀ ẹni tí kò ní ajá, a lè sanwó ìtọ́jú rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, a sì lè bá ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn dókítà ẹranko ṣe ètò abẹ́rẹ́ fún ajá àdúgbò, nítorí bí ìdá 70 nínú 100 ajá ibì kan bá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ọwọ́ lè ká àrùn náà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gba ajá mìíràn, kó kọ́kọ́ ka iye yàrá tó ṣe é tì, iye owó abẹ́rẹ́ àti oúnjẹ tó lè san lóṣooṣù, àti iye èèyàn tó wà nílé láti rìn pẹ̀lú wọn. Iye ajá tí ìkàyé náà bá fi hàn ni kó gbà, kó sì tọ́jú wọn délẹ̀délẹ̀.