Ká Yẹ Òṣùwọ̀n Wò Ká Tó Wọn Iyanrìn Àgbádárìgì

Bí a bá bu iyanrìn etíkun Àgbádárìgì lọ sí yàrá ìwádìí, ohun kan ṣoṣo ni àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ gbọ́: ṣé a lè fi kọ́lé, àbí ìtànṣán inú rẹ̀ ti pọ̀ jù? Èrò wa ni pé a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dáhùn bí a kò bá tíì yẹ ẹ̀rọ tó ka ìtànṣán náà wò.

Ẹ̀rọ germanium, tí nitrogen olómi ń mú tutù, mọ ìtànṣán gamma yà sọ́tọ̀ dáadáa: potassium-40 ní 1,461 keV, cesium-137 ní 662 keV. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló ń kà nínú èyí tó jáde. Mélòó nínú 100? Àwọn kan ní kí a fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀, torí Geant4 kò gba owó, láptọ́ọ̀pù sì lè gbé e. Òótọ́ ni. Kọ̀ǹpútà tún lè ṣírò ìtànṣán tí iyanrìn fúnra rẹ̀ gbé mì.

Àmọ́ ìwọ̀n ara ẹ̀rọ nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun la ń kó sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ germanium ní awọ kan tí kì í ka ìtànṣán. Bí ẹ̀rọ bá pẹ́ láìsí nitrogen, awọ náà á máa nípọn sí i. Ká ní kọ̀ǹpútà sọ pé 4 ló ń kà nínú 100, tó sì jẹ́ 3 péré. Iyanrìn tó jẹ́ 400 Bq/kg á di 300 nínú ìwé wa. Òpin tí wọ́n sábà ń lò fún ohun ìkọ́lé sì ni 370. A ó ti fọwọ́ sí ohun tí kò yẹ nìyẹn.

Ẹni tó mọ ọjà kì í ra gàrí láìwo ìdí kóńgò. Kí a gbé cesium-137, cobalt-60 àti americium-241 tí a mọ agbára wọn síwájú ẹ̀rọ, kí a fi iye tó kà wé ti kọ̀ǹpútà. Americium, pẹ̀lú ìtànṣán 59.5 keV rẹ̀ tí kò lágbára, ló tètè ń tú àṣírí awọ náà. Kí a wá tún ìwọ̀n awọ náà ṣe nínú kọ̀ǹpútà títí méjèèjì yóò fi bára mu.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má gba iṣẹ́ àṣekágbá tí kò to iye méjèèjì síra. Ẹ̀yin tó ti jáde, tí ẹ wà níbi tí irú ẹ̀rọ yìí wà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa.