A Kì í Fi Ètè Sílẹ̀ Pa Làpálàpá: Ọ̀rọ̀ Ẹ́ńjìnnì Tí Kò Gbóògùn

Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé èmi tí ọ̀rọ̀ ohùn àti gbólóhùn jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ mi ni mo gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dé lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀: àṣà "ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀ wò" tí ó gbilẹ̀ nínú iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ kì í ṣe ìmọ̀. Àbá lásán ni, owó olówó ni wọ́n sì fi ń dá a. Àwa ọ̀mọ̀wé pàápàá kò sì mọ́ nínú ẹ̀bi náà.

Ọdún 1998 ni wọ́n ṣe ọkọ̀ tọ́kúnbọ̀ tí mo ń gùn. Ní òwúrọ̀, kò ní í sọ nǹkan kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tí mo sì fẹ́ gun òkè, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, agbára rẹ̀ yóò sì fà sẹ́yìn bí ẹni pé epo há a lọ́fun. Mẹkáníìkì ní, "Dókítà, púlọ́ọ̀gì ló ti kú." A pààrọ̀ rẹ̀. "Nọ́sù tó ń fọ́n epo ló dí, sà." A ra mẹ́rin. "Á jẹ́ pé pọ́ǹpù ni." A ra pọ́ǹpù. Ọkọ̀ kò yéé gbọ̀n. Níkẹyìn, wọ́n fi scanner yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé P0171 jáde. "Ẹ ò rí i, sà? Ẹ̀rọ ti sọ pé epo kò tó. Brainbox ló kù." Ibẹ̀ ni mo ti kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: bí mo bá kọ "igba" sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, kí ni mo kọ? Ṣé igba owó ni, àbí igbá omi, àbí ìgbà òjò, àbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Gbólóhùn tí ó yí i ká nìkan ni ó lè sọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni P0171 rí. Kí epo bẹntiróòlù tó jó dáadáa, nǹkan bí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ 14.7 ni yóò bá ìwọ̀n epo 1 lọ. Ohun tí àmì yẹn ń sọ kò ju pé afẹ́fẹ́ ti borí epo. Ó lè jẹ́ pé epo ló dín. Ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń jí wọlé. Ó sì lè jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí tó ń purọ́. Ẹni tí ó bá ka àmì náà gẹ́gẹ́ bí orúkọ ohun tí a ó rà kò tí ì kà á rárá.

Bàbá àgbàlagbà kan ni ó wá tú ìṣòro náà. Kí ó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, ìbéèrè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: "Dókítà, ṣé tó bá dúró ló ń ṣe é, àbí tó bá wà ní jíà?" Ó wọn agbára tí epo fi ń bọ̀; ó pé. Ó ti dá epo láre nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ó fi í sí jíà, kí ó rọra tẹná. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a gbọ́ tí nǹkan ń sín ṣíì. Rọ́bà ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì ti sán lábẹ́! Ẹ́ńjìnnì bá fì, ojú sísán náà a là. Afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò kà a wọlé, brainbox kò sì ní í fún un ní epo. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, epo tí brainbox ń fi kún un ló ń bo àṣírí yẹn. A pààrọ̀ rọ́bà kan ṣoṣo, ó parí.

Àwọn kan yóò ní àìrówó ra irinṣẹ́ ló fà á. N kò gbà. Gbogbo ohun tí Bàbá lò kò tó owó nọ́sù mẹ́rin tí mo rà lásán. Ọgbọ́n ìwádìí ni ó fi ṣe é: kí a béèrè, kí a wọ̀n, kí a dá ẹni tí kò jẹ̀bi sílẹ̀, kí a tó dájọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ọgbọ́n yìí? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé àtúnṣe ọkọ̀ wà. Ọmọ tí ó ń ka Aláròyé já geere kò rí irú rẹ̀ kà ní Yorùbá. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Ilé-Ifẹ̀ pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kí ni a fi ṣe? Èmi alára ti kọ ojú ewé àìmọye lórí ìpajẹ àti àrànmọ́; n kò tí ì kọ ojú ewé kan fún ọmọ mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé ìwé àti bírò, ẹ lọ jókòó ti irú Bàbá yìí, kí ẹ kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀ kó tó di pé a ń wá a. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, bí wọ́n bá tún ní kí ẹ ra nǹkan, ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ̀rí wo lẹ ní pé òun ló kú?" Abèèrè kì í ṣìnà.